Bátìrì Inú Ọkọ̀ Òfurufú Àbúrò Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi, tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíráma ní àmì ohùn, òwe àti àròkọ lọ, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú ìsinmi mi lórí ọ̀rọ̀ bátìrì, ǹ bá fi onítọ̀hún ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí rí nílé ni ojú ń rí lájò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, mo lọ kí àbúrò mi ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún.

Àbúrò mi yìí ti wà ní òkè òkun láti ọdún 2003. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe, ní ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn ohun tí ń fò. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lókè oko wa, gbogbo wa a juwọ́ sí i, a ó sì padà sídìí ọkọ́ wa. Òun nìkan ni yóò dúró tí yóò máa wò ó títí yóò fi wọ inú àwọsánmà lọ. Nígbà tí ó dé ọ̀hún tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ owó díẹ̀, ó kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú kékeré. Lẹ́yìn náà, òun àti bàbá aláwọ̀ funfun kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ da owó pọ̀, wọ́n ra páànù àti irin ọkọ̀ kan tí ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ tí ó sì pa tì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kàn án, ó sì kọ́kọ́ fò ní ọdún 2014.

Kí èyí má ṣe ya ẹ̀yin òǹkàwé mi lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ohun tuntun pé kí ènìyàn kan ọkọ̀ òfurufú sínú ọgbà ilé rẹ̀. Láti ọdún 1946 ni àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, èyí tí à ń pè ní Light Aircraft Association lónìí. Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn alábẹ̀wò tí ń yẹ iṣẹ́ wò fínnífínní, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìtara pa ara rẹ̀. Ọkọ̀ ti àbúrò mi jẹ́ oníjókòó méjì, irú èyí tí à ń pè ní RV-6, tí àwọn tí ó ṣe é wà ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ìran ọkọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa pátápátá, nítorí pé láti ara RV-6A, tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, ni wọ́n ti mú Air Beetle jáde, èyí tí a kàn ní Kaduna láti fi kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà ní ọkọ̀ wíwà.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, àbúrò mi mú mi lọ wo ọkọ̀ náà. Pápá koríko kan ni wọ́n ń gbé e sí, láàrin oko àlìkámà, nínú abà kan tí a fi páànù kọ́. Ó wọlé sínú rẹ̀, ó ní kí n dúró jìnnà, ó sì tẹ bọ́tìnì kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Abẹ̀bẹ̀ imú ọkọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, ó sì dúró.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bátìrì ti darúgbó. Ẹ ti dé lásìkò tí a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀."

Mo bi í léèrè bóyá ọkọ̀ yóò já lulẹ̀ bí bátìrì bá kú lójú òfurufú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún mi pé nínú irú ẹ́ńjìnnì tiwọn, ẹ̀rọ kékeré méjì tí à ń pè ní magneto ni ń pèsè iná tí ń jó epo, àti pé wọn kò gbára lé bátìrì rárá. Iṣẹ́ bátìrì ni láti jí ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀, láti bá rédíò ṣiṣẹ́, àti láti ran jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì ń yí lọ́wọ́ bí ó bá rẹ̀ ẹ́.

Bátìrì àtijọ́ náà jẹ́ ti òjé àti ásíìdì, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ń kọjá níwájú ilé wa. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Gaston Planté ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859. Yàrá kéékèèké mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú volt 2 wá, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ volt 12. Ohun rere ni. Owó rẹ̀ kò wọ́n jù, ó máa ń fara da ìyà, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ ìwà rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé òjé wúwo. Èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ àbúrò mi wọn kílò 7.

Nínú mọ́tò, kílò 7 kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, nítorí pé ilẹ̀ ni ó ń gbé e. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ òfurufú, ìyẹ́ méjèèjì ni ó ń gbé ohun gbogbo, títí kan bàtà tí ó wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Ohunkóhun tí a bá yọ kúrò, a lè fi epo rọ́pò rẹ̀, tàbí kí a jẹ́ kí ọkọ̀ fi ìfúyẹ́ náà gòkè kánkán. Nítorí náà ni àbúrò mi ṣe fẹ́ ra bátìrì ti lithium. Lithium fúyẹ́ ju gbogbo irin ayé lọ. Bátìrì tí ó ti yàn wọn kílò 2.2 péré, agbára tí ó sì ní tó láti jí ẹ́ńjìnnì kan náà.

Bàbá tí wọ́n jọ ni ọkọ̀ náà kò kọ́kọ́ gbà. Ó rán wa létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, bátìrì lithium gbiná nínú Boeing 787 kan tí ó dúró sí pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú Boston. Ní ọjọ́ 16, ti òmíràn rú èéfín lójú òfurufú ilẹ̀ Japan, awakọ̀ sì sáré sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sí Takamatsu. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọn kò fi jẹ́ kí Boeing 787 kankan gbé èrò ní gbogbo ayé. Kí wọ́n tó tún gbéra, àpótí irin líle ni a fi bo bátìrì wọn, a sì ṣe ọ̀nà tí èéfín yóò máa gbà jáde síta.

Àbúrò mi dá bàbá náà lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, bí a ti ń rí iṣu tí ó jẹ́ ewùrà tí a sì ń rí èyí tí ó jẹ́ iṣu lásán, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì lithium kì í ṣe ìran kan ṣoṣo. Cobalt wà nínú ti Boeing. Irin àti phosphate ni ó wà nínú èyí tí òun fẹ́ rà, irú èyí kì í sì í tètè gbóná rékọjá ààlà. Ní ọdún 1997 ni John Goodenough àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ti kéde ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 2019, nígbà tí bàbá Goodenough ti di ẹni ọdún 97, òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí bátìrì lithium. Ẹ̀yin ọmọ tí ń ronú pé ìmọ̀ ń parí lọ́jọ́ tí ènìyàn bá jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Síbẹ̀, àbúrò mi kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyàn náà. Ohun mẹ́rin ni ó wádìí kí ó tó sanwó. Èkínní, ó wo bí iná tí jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ ń rọ sínú bátìrì ti lágbára tó. Bátìrì tuntun náà fẹ́ volt 14 àti díẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bàjẹ́. Nítorí náà, ó fi ẹ̀rọ kan sí i tí yóò já jẹnẹrétọ̀ kúrò bí iná rẹ̀ bá ya òkú rọrọ. Èkejì, ó wo ọ̀rọ̀ ooru. Irú bátìrì yìí kò fẹ́ ooru tí ó ju ìwọ̀n 60 lọ, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn páànù tí ó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò wà, níbi tí ti àtijọ́ wà. Ẹ̀kẹta, ó rí i dájú pé ẹ̀ṣọ́ wà nínú bátìrì náà, ìyẹn ẹ̀rọ tín-ín-rín kan tí ń dá iná dúró kí ó má baà tán pátápátá, nítorí pé bí irú rẹ̀ bá gbẹ tán, ó ṣòro kí ó tó tún wúlò mọ́. Ẹ̀kẹrin, ó béèrè nípa òtútù, tí í ṣe ọ̀tá bátìrì yìí. Ní òwúrọ̀ tí yìnyín bá bo ilẹ̀, ó lè ṣe ọ̀lẹ nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tẹ bọ́tìnì. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni yóò mú un móoru, tí yóò fi ṣe dáradára nígbà kejì.

Ní ọjọ́rú, bátìrì náà dé. Nígbà tí mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo rò pé àpótí òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo tún gbé ti àtijọ́ ní ọwọ́ kejì, èjìká mi sì wọ́ sápá kan bí ti ẹni tí ó pọn omi sínú garawa kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí, nítorí pé èjìká mi yìí ni ó ti mọ ohun tí ọpọlọ wa kò tíì mọ̀.

Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí ó ń so ó. Kí ó tó yọ ti àtijọ́, wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ tú. Òun náà ni ó sì so kẹ́yìn nígbà tí ó fi tuntun sí i. Ó ní bí a bá fi wáyà yẹn sílẹ̀ tí sípánà sì ṣèèṣì kan ara ọkọ̀ nígbà tí a ń tú èkejì, iná yóò ṣẹ́ yọ bí mànàmáná, ó sì lè jó ọwọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ó kojú àtẹ́ tí bátìrì ń jókòó lé. Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tuntun yìí kéré sí ìtẹ́ àtijọ́. Bí a bá gbé e síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa rìn kiri. Ó gé àlùmíníọ̀mù, ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ nínú, ó fi dí àyè tí ó ṣẹ́kù, ó sì fi ọ̀pá kan dè é lórí pẹ̀lú bóòtù méjì àti nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń de ohun tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń de ewúrẹ́ olè. Ó ní bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan lójijì, ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò fẹ́ máa bá eré tirẹ̀ lọ síwájú. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́rọ a máa ṣe irú ìdè bẹ́ẹ̀ kí ó lè gba ìlọ́po 9 ìwúwo ohun tí ó dè. Bátìrì kílò 7 yóò fà bí ẹrù kílò 63. Ti kílò 2.2 yóò fà bí kílò 20. Nígbà tí ó ṣe tán, ó fi rọ́bà bo orí irin tí iná wà, ó sì ní kí n fi gbogbo agbára mi mì ín. Mo mì ín. Odindi ọkọ̀ ni ó mì, bátìrì kò mira. Ó tẹ bọ́tìnì, ẹ́ńjìnnì sì bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wa dùn púpọ̀.

Ètò wa ni pé ní ọjọ́ sátidé, alábẹ̀wò yóò wá wo iṣẹ́ náà, yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ ìsinmi, àbúrò mi yóò fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ìlú kan létí òkun, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ń gbé. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀, ìwé Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi yìí ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí a bí sí ọ̀hún ní èdè wọn ní gbogbo ọjọ́ sátidé. Ẹrù èmi àti ti àbúrò mi jẹ́ kílò 30, èyí tí í ṣe iye tí a kọ sí ara ilé ẹrù ọkọ̀ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́bọ̀, bí a ti ń jẹun, àbúrò mi gbé ìwé tí yóò fún alábẹ̀wò sí iwájú mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi tádàwà pupa yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, ẹ bá mi wò ó kí n má baà ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ."

Mo kà á. Kò sí àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé níbi tí a kọ ìwúwo ọkọ̀ lófìfo sí, kílò 460 ni ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2014. Mo rántí èjìká mi tí ó wọ́ sápá kan.

N kò lè sọ fún yín bí mo ti jókòó pẹ́ tó. Ta ni èmi? Olùkọ́ Yorùbá ni mí. N kò lè pààrọ̀ táyà mọ́tò mi láìpe ènìyàn. Àbúrò mi ti fi ọdún mẹ́fà kan ọkọ̀ yìí, ó sì ti fi ọdún mẹ́rin wà á. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò sí nǹkan níbẹ̀, mo ti sọ ara mi di ẹni yẹpẹrẹ lójú ọmọ tí ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo bá dákẹ́ tí nǹkan sì wà níbẹ̀ ńkọ́?

Mo ní, "Ìgbà wo ni ẹ wọn ọkọ̀ yìí kẹ́yìn?"

Ó ní, "Ọdún 2014 ni, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé ẹ rí àṣìṣe ni?"

"Bátìrì ti yí padà láti ìgbà náà."

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mo dín ẹrù kù ni, n kò fi kún un. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ dín kù kò lè burú ju èyí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ lọ."

Mo ní, "Ǹjẹ́ o rántí kẹ̀kẹ́ epo bàbá wa?"

Kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àwa àti bàbá wa ń ti oko bọ̀. Bàbá wa so kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan sí apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì so èkejì sí apá òsì. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè kan, ó dúró, ó fi itan gbé kẹ̀kẹ́ ró, ó ń nu òógùn ojú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe àbúrò mi. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó lọ sí apá kan, ó tú kẹ́ẹ̀gì kan kúrò, ó fẹ́ gbé e rù kí ẹrù bàbá lè fúyẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ṣubú sí apá kejì, kẹ́ẹ̀gì tí ó kù là, epo sì ṣàn lọ sínú iyanrìn. Bàbá wa kò nà án. Ó kàn sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ẹrù tí o gbé kúrò yẹn, iṣẹ́ ni ó ń ṣe níbi tí ó wà."

Àbúrò mi wojú mi, ó wo ìwé náà, ó sì dìde lọ mú pẹ́ńsùlù.

Ohun tí ó ṣírò lálẹ́ ọjọ́ náà kò ṣòro, ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ rántí pákó gígùn tí àwọn ọmọdé ń gbé lé orí kùkùté, tí ọ̀kan ń jókòó ní ìhín, tí èkejì ń jókòó ní ọ̀hún. Ọmọ kékeré tí ó bá jókòó sí ìpẹ̀kun pákó lè gbé ẹni tí ó sanra sókè, bí ẹni yẹn bá jókòó sítòsí kùkùté. Nítorí náà, ìwúwo nìkan kò tó ẹ wò. A gbọ́dọ̀ fi jíjìnnà rẹ̀ sí kùkùté sọ ọ́ di púpọ̀. Ọkọ̀ òfurufú náà ní irú ojú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀. Bí ojú ìdọ́gba yìí bá sún sẹ́yìn rékọjá ààlà, imú ọkọ̀ yóò máa fẹ́ gbé sókè ṣáá. Bí eré bá wá dín kù jù, ìyẹ́ kò ní lè gbé ọkọ̀ mọ́, awakọ̀ sì lè máà rí agbára tí yóò fi tẹ imú wálẹ̀ kí eré tó padà.

Bátìrì náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 110 níwájú ojú ìdọ́gba. Kílò 4.8 ni a yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ 4.8 di púpọ̀ ní ọ̀nà 110, yóò jẹ́ 528. Ẹ fi kílò 660 pín in, èyí tí í ṣe ìwúwo ọkọ̀, àwa méjèèjì, ẹrù wa àti epo díẹ̀ tí yóò kù nígbà tí a bá fẹ́ balẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8. Kò tó ìbú ìka kan. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bátìrì àtijọ́, mìlímítà 5 péré ni ó ṣẹ́kù láàrin ojú ìdọ́gba àti ààlà ẹ̀yìn ní òpin irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, nítorí pé epo, tí ó wà níwájú díẹ̀, yóò ti jó tán. Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ ìsinmi, ìgbà tí a bá gbéra, ohun gbogbo yóò dára; ìgbà tí a bá fẹ́ balẹ̀, a ó ti fi mìlímítà 3 kọjá ààlà, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì ní mọ̀.

Àbúrò mi fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó ní, "Mo wo bátìrì títí, mo gbàgbé ọkọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, a ti ọkọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, a sì gbé ìrù rẹ̀ sókè lórí àpótí kí ara rẹ̀ lè tẹ́jú. Òṣùwọ̀n kò tako pẹ́ńsùlù. Bàbá aláwọ̀ funfun náà ka ọ̀nà tí ó wà níwájú wa: kí a dá bátìrì àtijọ́ padà, kí a de òjé díẹ̀ mọ́ imú ọkọ̀, tàbí kí a dín ẹrù ẹ̀yìn kù. Ó rẹ́rìn-ín sí èkejì, ó ní, "Kí a sanwó yọ òjé kúrò, kí a tún lọ ra òjé síbẹ̀!" Ẹ̀kẹta ni wọ́n yàn. Wọ́n dín ẹrù kù láti kílò 30 sí kílò 25. Kílò 5 yìí tó láti fa ojú ìdọ́gba padà sínú ààlà. Àbúrò mi ha iye àtijọ́ kúrò lára ilé ẹrù, ó sì kọ tuntun síbẹ̀.

Alábẹ̀wò dé ní àárọ̀ sátidé. Ó mi bátìrì, ó fa wáyà, ó ka ìwé tuntun. Àbúrò mi kò fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pamọ́ fún un, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin náà mi orí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti kọ sínú ìwé mi. Ó ní mìlímítà 3 lè máà pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé òun ti fi mìlímítà 3 kọjá ààlà kò ní mọ̀ nígbà tí ó bá di 30.

Ní ọjọ́ ìsinmi, mo tú àpótí mi. Kílò 5 gbọ́dọ̀ jáde. N kò lè bọ́ aṣọ sílẹ̀ lọ sílé onílé. Nítorí náà, ìwé ni ó dúró sílé, a sì fi ránṣẹ́ lẹ́yìn mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. A gbéra. Àwọn oko àlìkámà tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa bí aṣọ onírúurú àbùlẹ̀, orúnkún mi sì gbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó farabalẹ̀. Nígbà tí a rí òkun, tí epo sì ti lọ sílẹ̀, àbúrò mi dín eré kù láti balẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì, ọkọ̀ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tí táyà kan koríko, kò wojú mi. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, epo bàbá kò dànù lónìí."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ pé díẹ̀ nínú yín ni yóò kan ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni yóò bá ohun kan pàdé tí ó wúwo, tí ó ti gbó, tí ẹ ó sì fẹ́ fi èyí tí ó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn: bátìrì tuntun náà ṣì dára, n kò sì gbọ́ pé àbúrò mi kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ẹrù kan kúrò, ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbi tí ó wà. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe níbi tí ẹni tí ó mọ̀ jù yín lọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mẹkáníìkì gbọ́n, olùkọ́ Yorùbá sì gbọ́n, ni a fi dé etí òkun láyọ̀.